Tao Xingzhi, Olùkọ́ Àwọn Olùkọ́ Ìgbèríko

Àwọn àgbà ní ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà ní ilẹ̀ Ṣáínà tí orúkọ tí ilé sọ ọ́ kò tó fún un. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó pa orúkọ ara rẹ̀ dà, ẹni tí ó bá sì mọ ìdí tí ó fi ṣe bẹ́ẹ̀ ti mọ ohun tí ó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe. Tao Wenjun ni àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Nígbà tí ó di ọ̀dọ́mọkùnrin, ó sọ ara rẹ̀ di Tao Zhixing. Nígbà tí ó ti lé ní ẹni ogójì ọdún, ó gbé ìparí orúkọ náà síwájú, ó sì gbé iwájú rẹ̀ sẹ́yìn, ó wá di Tao Xingzhi. Orúkọ ìkẹyìn yìí ni a mọ̀ ọ́n sí títí di òní. Orúkọ ìdílé ni àwọn ará Ṣáínà ń kọ́kọ́ pè. Nítorí náà, Tao ni orúkọ ìdílé rẹ̀.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá ọdún 1891 ni a bí i ní abúlé kan ní agbègbè Shexian, ní ìpínlẹ̀ Anhui. Tálákà ni àwọn òbí rẹ̀. Ní ayé ìgbà náà, ọba ni ó ń ṣe àkóso gbogbo ilẹ̀ Ṣáínà, àwọn tí ó mọ̀wé kò sì tó nǹkan lára ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ ọlọ́rọ̀ àti ọmọ ìjòyè ni ó ń rí àyè kàwé. Ọmọ àgbẹ̀ a máa tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ sí oko ìrẹsì, a sì dàgbà láìmọ bí a ti ń kọ orúkọ ara rẹ̀. Bí ayé ọmọ yìí ì bá ti rí nìyẹn, bí kò ṣe ti ìyá rẹ̀. Obìnrin náà ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwé kan tí àwọn míṣọ́nnárì dá sílẹ̀ ní ìlú Shexian, ọ̀gá ilé-ìwé náà sì ṣàkíyèsí pé ọmọ obìnrin yìí ní làákàyè. Bí ó ṣe di ọmọ ilé-ìwé nìyẹn. Ìtàn sọ fún ni pé ó kọ ọ́ sára ògiri yàrá tí ó ń sùn pé ọmọ Ṣáínà ni òun, àti pé ó yẹ kí òun ṣe ohun kan fún Ṣáínà.

Lẹ́yìn èyí ó wọ yunifásítì tí àwọn míṣọ́nnárì láti Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní ìlú ńlá Nanjing. Àkókò rúkèrúdò ni àkókò náà. Ní ọdún 1911 àwọn ènìyàn dìde sí ọba. Ní ọdún 1912 ìjọba ọba dópin, Ṣáínà sì di ilẹ̀ tí kò ní ọba mọ́. Ní àárín ìyípadà ńlá yìí ni Tao ń ka ìwé Wang Yangming, ọlọ́gbọ́n ayé àtijọ́ kan tí ó kú ní ọdún 1529. Wang kọ́ni pé ìmọ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀ ìṣe, pé ìṣe sì ni ìparí ìmọ̀. Ẹ̀kọ́ yìí wọ Tao lára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gba Zhixing ní orúkọ. Ní èdè Ṣáínà, zhi ni ìmọ̀, xing sì ni ìṣe. Ohun tí orúkọ náà ń wí ni pé kí ènìyàn kọ́kọ́ mọ̀, lẹ́yìn náà kí ó ṣe. Ní ọdún 1914 ni ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó sì gba ipò kìíní láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ní ọdún kan náà ni ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà. Ẹ̀kọ́ nípa ètò ìṣèlú ni ó kọ́kọ́ kọ́ ní Yunifásítì Illinois, ó sì gba oyè níbẹ̀ ní ọdún 1915. Ìrònú rẹ̀ nígbà náà kò yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ń lọ sí òkè òkun: kí ó gba oyè, kí ó padà sílé, kí ó sì gba ipò nínú ìjọba. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń wo ilé láti ọ̀nà jíjìn ni ọ̀rọ̀ náà yí padà lójú rẹ̀. Ó rí i pé ìjọba ará ìlú kò lè dúró níbi tí àwọn ará ìlú kò mọ̀wé. Ó fi Illinois sílẹ̀, ó lọ sí Ilé-Ẹ̀kọ́ Àwọn Olùkọ́ ti Yunifásítì Columbia ní New York, ní ọdún 1916 ó sì kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà láti ṣàlàyé pé ẹ̀kọ́ fún gbogbo ènìyàn ni òun yóò fi ọjọ́ ayé òun ṣe.

Àwọn àgbà nínú iṣẹ́ olùkọ́ ni ó kọ́ ọ ní ibẹ̀. John Dewey wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni Paul Monroe àti William Kilpatrick. Lọ́dọ̀ wọn ni Tao ti kọ́ pé iṣẹ́ olùkọ́ kì í ṣe kí a kàn máa ṣe ohun tí àwọn ará ìṣáájú ṣe. Àgbẹ̀ tí ó bá rí irúgbìn tuntun kì í fi gbogbo oko rẹ̀ gbìn ín lẹ́ẹ̀kan. Yóò kọ́kọ́ gbin díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò ṣọ́ ọ bí ó ti ń hù, yóò sì fi èso rẹ̀ wé èso ti àtijọ́. Bákan náà ni olùkọ́ gbọ́dọ̀ ṣe nínú kíláàsì: kí ó dán ọ̀nà kan wò, kí ó ṣàkíyèsí àwọn ọmọ, kí ó kọ ohun tí ó rí sílẹ̀, kí ó sì gbà nígbà tí ọ̀nà náà kò bá dára. Ìwádìí ni èyí, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan. Ẹnikẹ́ni tí ó bá dúró níwájú àwọn ọmọdé lè ṣe é.

Ní ọdún 1917 ni Tao padà sí Ṣáínà, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn olùkọ́ ní Nanjing. Ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ìjà rẹ̀ ni orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Orúkọ tí wọ́n ń pe iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ náà ní ìtumọ̀ ọ̀nà tí a fi ń fún ni ní ẹ̀kọ́, bí ẹni pé igbá òfìfo ni akẹ́kọ̀ọ́, tí olùkọ́ kàn ń bu omi sínú rẹ̀. Tao ní kí a yí i padà sí ọ̀nà kíkọ́ni àti kíkọ́ ẹ̀kọ́, nítorí pé bí ọmọ ti ń kọ́ ni ó yẹ kí olùkọ́ máa kọ́ ọ. Àwọn àgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà kọ̀ jálẹ̀. Ó dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, nígbà tí ó sì di ọdún 1919, tí afẹ́fẹ́ ìyípadà ń fẹ́ káàkiri Ṣáínà, wọ́n gbà fún un. Ó lè dà bí ohun kékeré lójú ẹni tí kò ronú jinlẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí olùkọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí wo ojú ọmọ kí ó tó wo ojú ìwé, ọjọ́ náà ni ilé-ìwé rẹ̀ yí padà.

Ní ọdún 1919 yìí kan náà ni Dewey fúnra rẹ̀ wá sí Ṣáínà, ó sì lò tó ọdún méjì níbẹ̀, ó ń kọ́ni láti ìlú dé ìlú. Tao wà lára àwọn tí ó pè é wá tí wọ́n sì ràn án lọ́wọ́. Ní ìgbà ẹ̀rùn ọdún 1920, ilé-ẹ̀kọ́ Nanjing ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ fún àwọn tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n lè fi àkókò ìsinmi wọn kọ́ ohun tuntun. Ní ọdún yìí náà ni ilé-ẹ̀kọ́ náà gba àwọn obìnrin wọlé. Gbogbo èyí dára, àwọn ènìyàn sì ń yin Tao. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò balẹ̀. Nínú 100 ènìyàn ní Ṣáínà nígbà náà, ó lé ní 80 tí ń gbé ní abúlé. Àwọn olùkọ́ tí ó ń kọ́ sì ń lọ sí ìlú ńlá, níbi tí owó àti ìgbádùn wà. Omi tí ó ń pọn kò dé ibi tí òùngbẹ wà.

Nígbà tí ó di ọdún 1923, ó darapọ̀ mọ́ àwọn tí ń kọ́ àgbà ní ìwé kíkà, ó sì fi iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n sílẹ̀. Nínú lẹ́tà tí ó kọ sí àbúrò rẹ̀ obìnrin, ó jẹ́wọ́ pé ẹ̀kọ́ tí òun gbà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ òun di ọlọ́lá ilẹ̀ òkèèrè, àti pé ọ̀nà àwọn mẹ̀kúnnù ni òun ń padà sí. Ó bọ́ aṣọ ọ̀jọ̀gbọ́n, ó wọ aṣọ òwú tí àwọn àgbẹ̀ ń wọ̀. Òun àti ẹnìkan jùmọ̀ ṣe ìwé kékeré kan tí ó ní 1,000 àmì-ọ̀rọ̀ nínú. Nítorí pé èdè Ṣáínà kò ní álífábẹ́ẹ̀tì bí tiwa, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ní àmì tirẹ̀. Ẹni tí ó bá ń fi wákàtí kan kà á lójoojúmọ́ lè parí rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin.

Ẹ̀rí tí ó dùn mọ́ Tao jù lọ nípa ìwé yìí ti inú ilé rẹ̀ wá. Ìyá rẹ̀ jẹ́ ẹni ọdún 57 nígbà náà, kò sì mọ̀wé. Ìyá àgbà yìí bẹ̀rẹ̀ sí ka ìwé náà, ẹni tí ó sì di olùkọ́ rẹ̀ ni ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí ó jẹ́ ẹni ọdún mẹ́fà. Ọmọ náà yóò jókòó, ìyá àgbà yóò sì jókòó tì í, wọn yóò máa pe ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ọjọ́ 16 pé, Tao tí ó wà ní ìrìn-àjò kọ lẹ́tà sí ìyá rẹ̀, ó sì ṣọ́ra kí ó má baà lo ọ̀rọ̀ kankan tí kò sí nínú ẹ̀kọ́ ọjọ́ 16 náà. Ìyá rẹ̀ ka lẹ́tà náà. Ó pẹ́ kí Tao tó mọ̀ bí ohun tí ó rí ní ọjọ́ náà ti tóbi tó, ṣùgbọ́n kò gbàgbé rẹ̀.

Ní ọdún 1926 ni ó kọ̀wé sí gbogbo ènìyàn pé ẹ̀kọ́ ìgbèríko ní Ṣáínà ti ṣìnà. Ó ṣàlàyé pé àwọn ilé-ìwé abúlé ń kọ́ ọmọ láti sá kúrò ní abúlé. Wọ́n ń kọ́ ọ láti jẹ ìrẹsì láìgbìn ín, láti wọ aṣọ láìgbin òwú, láti gbé inú ilé láìgbin igi tí a ó fi kọ́ ọ. Ọmọ tí ó bá jáde níbẹ̀ a máa fi ojú kékeré wo bàbá rẹ̀ nítorí pé ọwọ́ bàbá náà dọ̀tí. Kò sì sí bí ilé-ìwé ṣe lè yí padà bí olùkọ́ kò bá yí padà. Tao fẹ́ olùkọ́ tí ó ní ọwọ́ àgbẹ̀, tí ó ní ọpọlọ aṣèwádìí, tí ó sì ní ọkàn ẹni tí yóò tún ìlú ṣe. Ó ń gbèrò ilé-ìwé 1,000,000 fún abúlé 1,000,000. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò ka ẹgbẹ̀rún, ọ̀kan ni yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀kan náà ni Xiaozhuang. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 1927 ni Tao ṣí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ìgbèríko sílẹ̀ ní ẹ̀yìn odi ìlú Nanjing. Ogun ń jà ní agbègbè náà ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an. Akẹ́kọ̀ọ́ 13 péré ni ó wà. Kò tíì sí ilé kankan. Ojú sánmà ni òrùlé wọn, àwọn àgbẹ̀ àdúgbò sì ni àlejò wọn. Orúkọ abúlé náà tẹ́lẹ̀ túmọ̀ sí abúlé kékeré. Tao fi àmì-ọ̀rọ̀ mìíràn tí ohùn wọn jọra rọ́pò rẹ̀, ó sì di abúlé àfẹ̀mọ́júmọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọlé síbẹ̀ kò kàn ní kọ ìdánwò lórí ìwé lásán. Yóò sọ̀rọ̀ níwájú àwọn ènìyàn, yóò sì gbé ohun èlò oko, yóò ṣán ilẹ̀ títí òógùn yóò fi bò ó. Ẹni tí ó bá ń bẹ̀rù ìdọ̀tí ọwọ́ ti já ìdánwò rẹ̀ nìyẹn.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ ilé wọn fúnra wọn. Wọ́n ń gbin ẹ̀fọ́, wọ́n ń dáná, wọ́n ń gbálẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ ni wọ́n ń sùn, Tao tí ó ti jókòó lẹ́sẹ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n New York sì sùn nínú ilé kan náà pẹ̀lú akọ màlúù. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ wọn a pé jọ láti jíròrò iṣẹ́ ọjọ́ náà. Olúkúlùkù a sì máa kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sínú ìwé lójoojúmọ́. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé àwọn ilé-ìwé kéékèèké wà ní àwọn abúlé yí Xiaozhuang ká. Ní ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn, akẹ́kọ̀ọ́ a ka ìwé fún ọdún púpọ̀ kí ó tó lọ fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ dán iṣẹ́ wò. Ní Xiaozhuang, ilé-ìwé àwọn ọmọdé ni ìpìlẹ̀. Níbẹ̀ ni ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ti ń rí ìṣòro, yóò gbé e wá sí ìpàdé, wọn yóò wá ọ̀nà sí i, yóò sì padà lọ dán ọ̀nà náà wò lára àwọn ọmọ. Òfin Tao kò ju ọ̀kan lọ: bí a ti ń ṣe nǹkan ni kí a máa fi kọ́ ọ, bí a sì ti ń kọ́ ọ ni kí a máa fi kọ́ni. Bí ó bá jẹ́ pé inú oko ni a ti ń gbin ìrẹsì, inú oko náà ni kí olùkọ́ àti ọmọ ti pàdé.

Ọ̀dá dá ní ọdún kan, omi kànga tí gbogbo ará abúlé kan ń mu sì dín kù. Àwọn kan a máa lọ fa omi ní òru. Ẹni tí ó bá pẹ́ dé a bá ẹrẹ̀ nísàlẹ̀ kànga, ìjà a sì ṣẹlẹ̀. Ó rọrùn fún àwọn olùkọ́ Xiaozhuang láti ṣe òfin kí wọ́n sì kà á sí àwọn ará abúlé létí. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n pe gbogbo ènìyàn, ọkùnrin àti obìnrin, àgbà àti ọmọdé, wọ́n sì fi ọmọ ilé-ìwé kan jẹ alága ìpàdé. Àwọn olùkọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀ láti ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọn kò gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ìyá arúgbó kan wà níbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù lọ nínú ìpàdé náà. Wọ́n fi ohùn ṣọ̀kan pé kànga náà gbọ́dọ̀ sinmi láti agogo méje alẹ́ títí di agogo márùn-ún òwúrọ̀. Pé ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé ni yóò kọ́kọ́ fa omi. Àti pé ẹni tí ó bá rú òfin yóò san owó ìtanràn. Ìjà náà parí. Ọ̀rọ̀ kànga yìí kò sí nínú ìwé ẹ̀kọ́ kankan, síbẹ̀ àwọn ọmọ, àwọn òbí àti àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ni ó jọ kẹ́kọ̀ọ́ ní ọjọ́ náà.

Nípa irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Tao fi yí ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ ní òkè òkun padà. Dewey kọ́ ọ pé ẹ̀kọ́ ni ìgbésí ayé, pé ilé-ìwé sì gbọ́dọ̀ dà bí àwùjọ kékeré. Tao dán èyí wò ní ilẹ̀ tirẹ̀, ó sì rí i pé kò tó. Àwọn tí kò lè wọ ilé-ìwé láéláé pọ̀ ju àwọn tí ó lè wọ̀ ọ́ lọ. Nítorí náà ó dojú rẹ̀ dé, ó sì kọ́ni pé ìgbésí ayé fúnra rẹ̀ ni ẹ̀kọ́, àwùjọ fúnra rẹ̀ sì ni ilé-ìwé. Kò fi ìyẹn bú olùkọ́ rẹ̀. Ohun tí olùkọ́ rẹ̀ kọ́ ọ gan-an ni ó ṣe, nítorí ó dán nǹkan wò, ó sì gba ohun tí ó rí. Nígbà tí Kilpatrick wá bẹ Xiaozhuang wò ní ọdún 1929, ó yin iṣẹ́ náà gidigidi.

Ṣùgbọ́n ibi tí ó dára kì í ṣàìní ọ̀tá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Xiaozhuang bẹ̀rẹ̀ sí dá sí ọ̀ràn ìlú. Wọ́n gbè sẹ́yìn àwọn òṣìṣẹ́ tí a fìyà jẹ, wọ́n sì lòdì sí ọkọ̀ ogun àwọn ilẹ̀ òkèèrè tí ó wà lórí odò Ṣáínà. Ní oṣù kẹrin ọdún 1930, ìjọba Chiang Kai-shek rán ọmọ ogun láti ti ilé-ẹ̀kọ́ náà pa, wọ́n sì pàṣẹ pé kí a mú Tao. A pa àwọn kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Tao sá lọ sí ilẹ̀ Japan. Ọdún mẹ́ta péré ni Xiaozhuang fi wà, ó sì dà bí ẹni pé gbogbo làálàá náà ti já sí asán.

Kò já sí asán. Ní ọdún 1931 Tao padà dé sí Shanghai ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, nígbà tí ó sì di ọdún 1932 ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lẹ́bàá ìlú náà, níbi tí àwọn ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ òṣìṣẹ́ ti ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n sì ń kẹ́kọ̀ọ́. Ní àyíká Xiaozhuang pẹ̀lú, níbi tí kò ti sí olùkọ́ mọ́, àwọn ọmọ abúlé kan dá ilé-ìwé sílẹ̀ fúnra wọn, wọ́n sì ń kọ́ ara wọn. Inú Tao dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó kọ ewì ìyìn ránṣẹ́ sí wọn, nínú èyí tí ó ti yìn wọ́n pé ọmọ ńlá ń kọ́ ọmọ kékeré. Àwọn ọmọ náà dá a lóhùn, wọ́n ń béèrè bóyá ọmọ kékeré kò lè kọ́ni ni. Tao wo ọ̀rọ̀ náà, ó rí i pé òótọ́ ni wọ́n wí, ó sì tún ewì náà ṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó ti kàwé dé òkè òkun gba àtúnṣe lọ́wọ́ ọmọdé abúlé.

Nígbà náà ni ó rántí ìyá rẹ̀ àti olùkọ́ ọlọ́dún mẹ́fà. Bí owó kò bá sí láti gba olùkọ́ fún gbogbo abúlé, ọmọdé tí ó bá mọ ọ̀rọ̀ kan lónìí lè fi kọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú. Láti ọdún 1934 ni ètò àwọn olùkọ́ kékeré yìí ti tàn kálẹ̀. Àwọn ọmọ ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń kọ́ ìyá wọn nídìí ààrò àti bàbá wọn nínú oko. Àwọn obìnrin tí kì í lè jáde lọ sí ilé-ìwé rí olùkọ́ nínú ilé ara wọn.

Ní ọdún 1934 yìí ni ó yí orúkọ rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kejì. Ó ti lé ní 20 ọdún tí ó ti ń jẹ́ Zhixing, ìmọ̀ ṣáájú ìṣe. Ṣùgbọ́n kíláàsì, oko, kànga àti àwọn ọmọdé ti fi hàn án pé ọ̀nà kejì ni ó tọ́. Ọmọ kì í mọ̀ pé iná ń jóni kí ó tó fọwọ́ kàn án. Ìṣe ni ó ń bí ìmọ̀. Nítorí náà ó di Xingzhi, ìṣe ṣáájú ìmọ̀. Ìwọ̀nba ènìyàn ni ó lè jẹ́wọ́ ní gbangba pé ohun tí òun fi ṣe orúkọ kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1936 ó tún lọ sí òkè òkun. Ó rìn dé orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 20, ó ń sọ fún àwọn ènìyàn nípa ẹ̀kọ́ àwọn mẹ̀kúnnù àti nípa ìyà tí ogun Japan fi ń jẹ Ṣáínà láti ọdún 1937. Ní India ó bá Mahatma Gandhi sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó padà ní ọdún 1938, ọ̀pọ̀ ọmọ ni ogun ti sọ di aláìlóbìí. Ní oṣù keje ọdún 1939 ó ṣí ilé-ìwé Yucai lẹ́bàá Chongqing fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ní ẹ̀bùn orin, eré, àwòrán tàbí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Oúnjẹ wọ́n, owó sì wọ́n, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ilé-ìwé náà tú ká.

Ní ọjọ́ 25 oṣù keje ọdún 1946 ni iṣan ẹ̀jẹ̀ já ní ọpọlọ rẹ̀, ó sì kú ní Shanghai ní ẹni ọdún 54. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ padà sí Xiaozhuang, wọ́n sì sin ín sí ibi tí ó ti bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ṣán ilẹ̀. Láti ọdún 1951, ìjọba tuntun bẹ̀rẹ̀ sí bẹnu àtẹ́ lu èrò rẹ̀, nǹkan bí 30 ọdún sì kọjá kí wọ́n tó dá ọlá rẹ̀ padà fún un. Lónìí, yunifásítì kan ń jẹ́ orúkọ Xiaozhuang ní Nanjing, àwọn olùkọ́ sì ń ti ibẹ̀ jáde.

Ọ̀pọ̀ ni ó ń rìnrìn-àjò lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn kan a padà wá pẹ̀lú oyè nìkan. Àwọn mìíràn a gbé ohun tí wọ́n rí lọ́hùn-ún wá, wọn a fi lélẹ̀ nílé bí ó ti wà, wọn a sì máa bínú sí ilé nígbà tí kò bá hù. Tao Xingzhi gbé irúgbìn wá láti ọ̀nà jíjìn, ṣùgbọ́n ó bi ilẹ̀ abúlé léèrè irú èyí tí yóò gbà. Ó jẹ́ kí ọmọdé, àgbẹ̀ àti ìyá arúgbó jẹ́ olùkọ́ rẹ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ẹni tí yóò bá sì kọ́ àwọn ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ dẹ́kun láti máa kọ́ ẹ̀kọ́.